Ọmọ tuntun nínú ooru Ìlọrin: ẹsẹ̀ tutù, ọrùn ń gbóná, èwo ni ká gbà gbọ́?

Ẹ gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síwájú ìyá méjì ní Ìlọrin nínú oṣù kẹta, ó ṣòro kí ẹnu wọn kò. Ọ̀kan á di ẹsẹ̀ ọmọ mú, á ní, "Òtútù ń mú ọmọ yìí o, ẹ wá nǹkan bò ó." Èkejì á tọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, á ní, "Ẹ tú u, ẹ tú u, ooru ti mú un jù." Àwọn méjèèjì ò parọ́: ẹsẹ̀ tutù, ọrùn sì ń gbóná. Ìyá ọmọ tó jókòó sáàárín wọn, tí ara òun fúnra rẹ̀ kò tíì le, ni kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe.

Ọrùn ni kó gbà gbọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti àgbà. Ọkàn, ọpọlọ àti àwọn ẹ̀yà inú ni ara rẹ̀ kọ́kọ́ ń bójú tó. Ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ ló ń gbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi lè tutù nini nígbà tí àyà ń móoru dáadáa. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá ti ẹ̀yìn ìka bọ abẹ́ aṣọ, ní àyà, ní ikùn, ní òkè ẹ̀yìn àti ní ẹ̀yìn ọrùn. Bí ibẹ̀ bá móoru tó sì gbẹ, ara ọmọ balẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ibẹ̀ bá tutù fún òógùn tàbí tó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, aṣọ ti pọ̀ jù. Àyà àti ikùn tó tutù ni òtútù tòótọ́, ìyẹn ló sì yẹ kó lé wa dìde.

Ohun tó jẹ́ kí ooru tètè mú ọmọ ju àgbà lọ kò le láti yé ni. Ìkòkò kékeré ló ń tètè hó. Ara ọmọ kéré, awọ tó bo ara náà sì pọ̀ bí a bá fi wé ìwọ̀n rẹ̀, nítorí náà ooru ìta tètè ń wọlé sí i, òtútù náà sì tètè ń mú un. Àwa àgbà ń lààgùn, òógùn náà á sì mú ara wa rọ̀. Ibi tí òógùn ti ń jáde lára ọmọ tuntun kò tíì gbó, ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ló tún burú jù. Kò lè ta aṣọ nù. Kò lè dìde lọ sí abẹ́ igi. Orí rẹ̀ tóbi ju bí tiwa ṣe rí lára wa lọ, láti ibẹ̀ sì ni ooru púpọ̀ ti ń jáde. Bí a bá fi fìlà wúlù dé e mọ́ inú yàrá, a ti dí ọ̀nà tó kù fún un.

Ẹ má ṣe bá mi sọ pé àwọn ìyá wa kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀rù òtútù tó ń bà wọ́n ní ìdí. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìyá rẹ̀ tutù fún omi, òtútù sì lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀ bí wọn kò bá nù ún gbẹ kíá. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n tẹ́ ẹ sí àyà ìyá rẹ̀ ní ara kan ara, kí ìwẹ̀ àkọ́kọ́ sì dúró títí di wákàtí 24. Ọmọ tí kò tó kìlógíráàmù 2.5 nígbà tí wọ́n bí i ń fẹ́ ìmóoru ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdájí ọyẹ́ ní Òmù-Àrán tàbí Ọ̀ffà nínú oṣù kejìlá àti oṣù kìíní: kò sí ẹni tó máa tú ọmọ sí ìhòòhò nínú afẹ́fẹ́ yẹn. Ibi tí mi ò ti bá wọn lọ ni kí a gbé aṣọ ọyẹ́ wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣọ́ọ̀lù tó gba ọmọ là ní oṣù kìíní lè dá ìṣòro sílẹ̀ fún un ní oṣù kẹta.

Ooru tiwa náà kì í ṣe kékeré. Láti ìparí oṣù kejì títí òjò á fi fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀sán Ìlọrin máa ń kọjá 35°C, alẹ́ pàápàá kì í sì fi bẹ́ẹ̀ tutù. Àwọn ilé alámọ̀ tó wà nínú agbo-ilé àtijọ́ ṣì ń rọ̀ díẹ̀, nítorí ògiri wọn nípọn. Ṣùgbọ́n yàrá oníbúlọ́ọ̀kù tí páànù bò lórí, tí kò ní sílíǹgì, máa ń gba òòrùn sára látàárọ̀ ni, á wá máa tú u jáde lórí ọmọ ní aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí wọ́n tún ti mú iná lọ. Ọ̀pọ̀ ìyá ti kà á lórí fóònù pé kí yàrá ọmọ má kọjá 16 sí 20°C, ọkàn wọn ò sì balẹ̀ mọ́. Ìlú olótùútù ni ìmọ̀ràn yẹn ti wá. Àwọn tó ń tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó lè mú yàrá ní Gáà-Àkànbí tàbí Tankẹ́ dé ibẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa ni aṣọ, afẹ́fẹ́, òjìji àti ọyàn.

Ti aṣọ, ẹ wo ara yín. Iye aṣọ tó bá tẹ́ ẹ̀yin lọ́rùn nínú yàrá náà ló tó ọmọ. Bí ilẹ̀ bá tutù, ẹ fi ẹyọ kan lé e. Bí ẹ bá jókòó pẹ̀lú ìró nìkan tí ẹ ń fi ìwé fẹ́ ara yín, kí ni súwẹ́tà ń wá lára ọmọ? Síngílẹ́ẹ̀tì òwú fẹ́lẹ́ àti pámpásì tó. Lọ́sàn-án gangan, pámpásì nìkan tó. Aṣọ òwú tó ti gbó, tó ti rọ̀, dára ju aṣọ tuntun dídán lọ, nítorí pé òwú ń fa òógùn, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni mo ti ń rí ọ̀ràn yìí jù. Ní agbo-ilé kan lẹ́yìn Ọjà Ọba, wọ́n ti pa àgbò, Áfà ti ṣe àdúrà, oòrùn ti gun orí kánópì. Wọ́n gbé ọmọ jáde pẹ̀lú léèsì, súwẹ́tà wúlù lórí léèsì, fìlà, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀, ṣọ́ọ̀lù, wọ́n sì ta òfì lé gbogbo rẹ̀ kí fọ́tò lè dára. Ọmọ náà dákẹ́ láti àárọ̀. Gbogbo èèyàn ń yìn ín pé ọmọ gidi ni, kì í yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Àǹtí kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá ọkọ. "Àlájà, ẹ kú ináwó. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn ọmọ wa." Àlájà tọwọ́ bọ abẹ́ fìlà, ó fà á jáde, gbogbo ìka rẹ̀ ló tutù fún òógùn. "Láìláà! Ta ló dì í báyìí?" Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ fìlà, ló tú òfì, ló fa ìbọ̀sẹ̀ yọ. Wọ́n gbé ọmọ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí kiri tó ń wá ọyàn, tó sì ké. Igbe yẹn ni mo fẹ́ gbọ́. Ìdákẹ́ tí wọ́n ń yìn, àárẹ̀ ni. Ooru ti mú un débi tí kò lágbára àtiké.

Ẹ kíyè sí bí Àǹtí náà ṣe ṣe é. Kò bá Àlájà jiyàn nípa òtútù. Ó ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ wò ó. Ìyàwó ilé tó ń bẹ̀rù láti tú ọmọ lójú ìyá ọkọ lè gba ọ̀nà yẹn.

Ọ̀rọ̀ fáànù ló tún ń fa awuyewuye. Wọ́n á ní ẹ pa á, kí òtútù àyà má baà mú ọmọ. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fa òtútù àyà, láti ara ẹni tó ń wúkọ́ tàbí tó ń sín. Èéfín igi ìdáná àti ti sìgá sì ń jẹ́ kó tètè ran ọmọ. Afẹ́fẹ́ fáànù kò dá kòkòrò kankan sílẹ̀. Ẹ tàn án, ẹ má kàn kọ ojú rẹ̀ sí ọmọ gangan. Ẹ jẹ́ kó máa yí, tàbí kó kọjú sí ògiri kí afẹ́fẹ́ yàrá lè máa rìn. Ẹ ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra bí ó bá wà. Bí ẹ bá ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí fáànù, kí ó jìnnà sí fèrèsé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ojú kò rí i, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Gáàsì yẹn kan náà ló ń jáde nínú ìkòkò èédú tí àwọn kan máa ń gbé wọ yàrá abiyamọ nígbà ọyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọlé.

Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni ọ̀rọ̀ omi. "Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ẹ fún un lómi díẹ̀." Àánú ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n àánú náà lè pa ọmọ lára. Nínú ọyàn, nǹkan bí ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ omi. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tó ń mu ọyàn dáadáa, kò nílò omi mìíràn, ì báà jẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó le jù lọ. Ikùn rẹ̀ kéré; omi tó bá wọ ibẹ̀ ti gba àyè ọyàn. Kíndìnrín rẹ̀ kò tíì lè tu omi púpọ̀ dà nù, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín kù, ìyẹn sì lè fa gìrì. Omi kànga, omi pọ́ọ̀ǹbù àti ike tí a fi bu ún sì lè gbé ìgbẹ́ gbuuru wọlé. Omi hàntú tàbí omi àdúrà tí ẹ gbà fún ọmọ, ẹ fi pa á lórí, ẹ fi pa á lára. Ẹ má fi sí i lẹ́nu. Bákan náà ni àgbo.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nínú ooru ni kí ẹ máa fún un lọ́yàn léraléra. Ó lè mu díẹ̀, kó fi sílẹ̀, kó tún béèrè ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Òùngbẹ ló ń pa bẹ́ẹ̀, kò túmọ̀ sí pé omi ọyàn yín ti gbẹ. Láti nǹkan bí ọjọ́ kẹfà tí wọ́n bí i, ọmọ tó ń rí ọyàn mu tó máa ń tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sán àti òru, ìtọ̀ náà kì í sì í pọ́n. Omi tí ẹ fẹ́ fún ọmọ, ẹ̀yin ìyá ni kí ẹ mu ún. Ní ọdún 2025 àti 2026, ààwẹ̀ Ràmàdánì bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì mọ bó ṣe ń rí lára obìnrin Ìlọrin pé gbogbo ilé ń gbààwẹ̀, òun nìkan ló ń jẹun. Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, tó bá ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ, pé kó jẹun, kó sì wá ṣètò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ bi Áfà yín.

Lójú oorun, ẹ tẹ́ ọmọ sí ẹ̀yìn, kó kọjú sókè, láìsí ìrọ̀rí, láìsí ṣọ́ọ̀lù tó lè yọ́ bò ó lójú. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí i pé ọmọ tí wọ́n dì jù, tàbí tí aṣọ bo orí rẹ̀ níbi tó ti ń sùn, wà nínú ewu kó dédé kú sójú oorun láìsí àìsàn ju ọmọ tí orí àti ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ. Ẹ tún wo abẹ́ rẹ̀. Rọ́bà tí a ń tẹ́ kí ìtọ̀ má baà ba fóòmù jẹ́ kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Gbogbo ẹ̀yìn ọmọ á tutù fún òógùn. Ẹ ká a kúrò lọ́sàn-án, tàbí kí ẹ tẹ́ aṣọ òwú sórí rẹ̀, kó fún pinpin. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ẹ má tú u nítorí ooru: ibà kò dúró de ọyẹ́. Ẹ sún ibùsùn mọ́ fèrèsé, kó sì jìnnà sí ògiri tí òòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bà.

Pípọ̀n kò burú rárá, àmọ́ ara ìyá àti ara ọmọ máa ń mú ara wọn gbóná. Ọmọ tó wà lẹ́yìn yín kò nílò súwẹ́tà lábẹ́ ọ̀já. Bí ẹ bá ń lọ sí ọjà Ìpàta tàbí ọjà Mandate lọ́sàn-án, agboòrùn ni kí ẹ ṣí, kì í ṣe kí ẹ fi ìborùn bò ó láti orí dé ọrùn. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, eruku ń bà wá lẹ́rù, a ó sì fi ṣọ́ọ̀lù bo ojú ọmọ. Ẹ yí ojú rẹ̀ sí àyà yín dípò bẹ́ẹ̀, kí imú rẹ̀ sì wà ní gbangba. Ọkọ̀ tí wọ́n ti pa, tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, máa ń gbóná kọjá ohun tí ọmọ lè fara dà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí "mo kàn fẹ́ yà ra búrẹ́dì" níbẹ̀. Ẹ gbé e dání.

Omi ìwẹ̀ gbígbóná tí à ń lò fún abiyamọ, ti ìyá ni. Ti ọmọ, ẹ fi ìgbúnwọ́ yín wò ó: kó lọ́wọ́ọ́wọ́, kó má ta yín. Bí ooru bá sú sí i lára wínníwínní, ní ọrùn, ní abíyá, ní ìtàn, ẹ fi omi wẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ dín aṣọ kù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń lọ fúnra rẹ̀. Páúdà tí a dà gọ̀gọ̀rọ̀ sí ọrùn á di ẹrẹ̀ pẹ̀lú òógùn, ọmọ á sì fà á símú. Ìpara tó ń ta ni lára, tí a ń fi pa ara ríro, kò sí fún ọmọ tuntun. Àti pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru kọ́ ni mò ń sọ níbí, ẹ má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ní irú ẹ̀jẹ̀ tí òórùn káńfọ̀ lè fọ́, ibà pọ́njú á sì wọlé débi tó lè ba ọpọlọ jẹ́.

Ibi tó ta kókó jù nìyí: báwo la ṣe mọ̀ bóyá ooru ló mú ọmọ tàbí àìsàn? Tẹmómítà kan nínú ilé abiyamọ wúlò ju súwẹ́tà mẹ́ta lọ. Ẹ ti ẹnu tẹmómítà náà bọ abíyá ọmọ tó gbẹ, ẹ di apá rẹ̀ mọ́ra títí yóò fi dún. Láti 36.5 sí 37.5°C ni ara ọmọ tó dá ṣáká. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì rí i pé wọ́n dì í jù, ẹ tú u, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ fún un lọ́yàn, ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nu ara rẹ̀. Kì í ṣe omi yìnyín, kì í sì í ṣe sípíríìtì. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ooru yàrá àti aṣọ ló fà á, ara rẹ̀ á ti máa rọ̀. Bí kò bá rọ̀, inú ara ni ooru náà ti ń wá. Nínú ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń sọ pé "ojú ọjọ́ ni" tàbí "eyín ló fẹ́ hù." Kòkòrò lè ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo sì lè pọ̀ jù láti fi dúró.

Ẹ má fún un ní parasẹtamọ́ọ̀lù kí dókítà tó rí i. Kì í lé ooru tó ti ìta wá. Bí àìsàn bá sì wà, á bò ó mọ́lẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, ilé á ní ara ọmọ ti yá.

Àwọn àmì kan wà tí kò ní í jẹ́ kí ẹ tilẹ̀ dúró tún un wọ̀n: kí ọmọ kọ ọyàn tàbí kó má lágbára àtifà á, kó rọ jọ̀jọ̀ tàbí kó ṣòro jí, kó máa mí tó ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tó dákẹ́, tàbí kí àyà rẹ̀ máa wọnú bó ti ń mí, gìrì, kí àwùjẹ rẹ̀ jìn wọnú tàbí kó wú, kí ìtọ̀ dín kù gan-an, kí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ dúdú. Kí ara rẹ̀ tutù kọjá ààlà, lábẹ́ 35.5°C, wà lára wọn, nítorí àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ máa ń mú ara ọmọ tuntun tutù nígbà mìíràn dípò kó gbóná.

Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ. Ẹni tó wà ní Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán ní jẹ́nẹ́rà ọsibítù nílùú. Ẹni tó wà láàárín Ìlọrin kò ní láti kọ́kọ́ rìn dé ọsibítù yunifásítì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, àwọn dókítà ni yóò darí yín síbẹ̀ bó bá yẹ. Lójú ọ̀nà, ẹ má tún dì í; ẹ gbé e mọ́ àyà, kí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí ẹ máa fún un lọ́yàn bó bá ń gbà á. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì iye ọjọ́ tí ọmọ ti lò láyé, ohun tí tẹmómítà sọ àti aago tí ẹ wọ̀n ọ́n, ìgbà tó mu ọyàn kẹ́yìn, ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn, àti ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ti fi sí i lẹ́nu, ì báà jẹ́ omi, àgbo tàbí oògùn.